Wọ́n fa òpó tu, wọ́n gbé e jù sódò! Sátidé bọ́ọ̀lù yunifásítì l'Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ẹni tó bá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè sọ pé orí àwọn èèyàn náà ò pé, bẹ́ẹ̀ orí wọn pé pérépéré. Ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 2022 ni, ọjọ́ Sátidé, nílùú Knoxville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee l'Amẹ́ríkà. Yunifásítì Tennessee ló ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Yunifásítì Alabama. Ọdún 2006 ni Tennessee ti na Alabama kẹ́yìn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko tó tẹ̀ lé e, Alabama ló ń lù wọ́n bí ẹni lu bàrà. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ayò dọ́gba, 49 sí 49. Bí aago ṣe ń tán lọ ni ọmọ Tennessee kan fi ẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù sókè, bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjèèjì kọjá, ó di 52 sí 49. Ó parí!

Háà! Gbogbo pápá dà bí agbọ́n tí wọ́n sọ òkúta sí. Àwọn èèyàn fo ọgbà wọlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àgbà àti ọmọdé. Wọ́n tan sìgá ńlá ńlá, nítorí àṣà wọn ni pé ẹni tó bá borí nínú ìjà àwọn méjèèjì ló ń fa sìgá lọ́jọ́ náà. Wọ́n gun òpó irin tó wà lójú ilé, wọ́n fà á tu, wọ́n gbé e lé èjìká bí ẹni gbé òkú ọba, wọ́n gbé e jáde ní pápá, wọ́n gbé e lọ sétí odò Tennessee, wọ́n sì jù ú sómi. Àjọ tó ń ṣàkóso líìgì wọn bu owó ìtanràn 100,000 dọ́là lé yunifásítì náà lórí. Kí wá ni ilé ìwé ṣe? Wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn alátìlẹ́yìn kí wọ́n lè ra òpó tuntun. Ṣé owó ọ̀hún wọlé? Ó wọlé kíá! Àwọn tó fà á tu náà ló ń dá owó òun tuntun.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Mo fẹ́ kí á wo ohun tó ń mú ọmọ èèyàn dà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. Àwọn kan jókòó nínú èrò, àwọn kan wà lórí pápá gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí ló ní ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń kàwé lọ́hùn-ún, tí wọ́n máa ń sọ lórí fóònù pé, "Mọ́mì, mi ò ní lè bá yín sọ̀rọ̀ ní Sátidé, ọjọ́ bọ́ọ̀lù ni." Ẹ̀yin á ní irú bọ́ọ̀lù wo nìyẹn?

Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe irú tiwa o. Orúkọ ló bá tiwa mu. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà sì gùn bí ìbẹ́pẹ kékeré tó ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí. Èèyàn mọ́kànlá ló ń kojú mọ́kànlá. Wọ́n dé akoto, wọ́n ki nǹkan sí èjìká títí wọ́n fi fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n fún ẹ láǹfààní láti gbé bọ́ọ̀lù náà lọ síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí o bá ṣe é, o tún gba ẹ̀ẹ̀mẹ́rin mìíràn. Bí o kò bá ṣe é, ọ̀tá rẹ gbà á. Bí o bá gbé e dé ìpẹ̀kun pápá wọn, máàkì mẹ́fà ni. Bí o bá fi ẹsẹ̀ ta á gba àárín òpó, mẹ́ta ni. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ sílẹ̀, sáà mẹ́rin oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ á jókòó ju wákàtí mẹ́ta lọ. Kí ló fà á? Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń dúró, pàápàá kí tẹlifíṣọ̀n lè polówó ọjà. Ẹni tó wà nílé ń wo ìpolówó mọ́tò, ẹni tó wà ní pápá ń wo àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dúró gbagidi bí ère.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 6, oṣù kọkànlá, ọdún 1869 ni ilé ìwé Rutgers àti Princeton kọ́kọ́ pàdé nílùú New Brunswick, ní New Jersey, Rutgers sì fi 6 sí 4 borí. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń gbilẹ̀, tó fi di pé wọ́n pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn: Fráìdé jẹ́ ti àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, Sátidé jẹ́ ti yunifásítì, Sọ́ńdè jẹ́ ti àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun. Láti ìparí oṣù kẹjọ títí wọ inú oṣù kejìlá, Sátidé kì í ṣe ọjọ́ òkú, kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó láwọn ìlú kan. Àwọn ọmọge máa ń yẹ ìwé bọ́ọ̀lù wò kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó, nítorí bí ọjọ́ méjèèjì bá forí gbárí, àwọn àlejò kan ò ní wá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ náà ṣe ń rí. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní agogo méje alẹ́, láti àárọ̀ làwọn èèyàn ti ń dé. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni àríyá ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣí ẹ̀yìn mọ́tò sílẹ̀, wọ́n á ta kánópì, wọ́n á gbé kúlà ọtí àti omi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á dá iná sábẹ́ irin, ẹran á máa sun, èéfín á gba ojú ọ̀run. Tailgate ni wọ́n ń pe àṣà yìí, láti ara pákó ẹ̀yìn mọ́tò tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ òórùn ẹran súyà nírọ̀lẹ́ Fráìdé, tó bá dé ibẹ̀, á rò pé ilé lòun wà. Ìyàtọ̀ kan ni pé ẹni tí o kò mọ̀ rí lè pè ọ́ wá jẹun nítorí pé àwọ̀ aṣọ yín bára mu. Àwọn òyìnbó tí a ní wọn ò kì í pe èèyàn sí oúnjẹ, ní Sátidé yìí, wọ́n ń pè é!

Aṣọ ẹbí wà níbẹ̀ pẹ̀lú o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwa nìkan la ni aṣọ ẹbí. Tennessee ń wọ ọsàn, Alabama ń wọ pupa, Michigan ń wọ búlúù àti àwọ̀ àgbàdo. Ní Penn State, wọ́n ní ọjọ́ kan tí gbogbo èrò, ó lé ní 100,000 èèyàn, á wọ funfun balau. Bí ẹ bá rí i lálẹ́, lábẹ́ iná ńlá ńlá, ẹ ó ní ọdún Ọbàtálá ni wọ́n ń ṣe.

Ní Oxford, ìpínlẹ̀ Mississippi, ọgbà onígi kan wà nínú yunifásítì wọn tí wọ́n ń pè ní The Grove. Ẹ̀yin aráalé tí ẹ fẹ́ràn òde àríyá, ibẹ̀ ló yẹ yín. Kánópì kún ilẹ̀ bí ọjọ́ ìsìnkú ọlọ́lá. Àwọn ọkùnrin ń de táì, àwọn obìnrin wọ gáùn àti bàtà gíga, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, àwọn kan tilẹ̀ ń so iná ọ̀ṣọ́ onígíláàsì kọ́ sínú kánópì níta gbangba. Wọ́n ní bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, àríyá ò ní bọ́. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù á rìn gba àárín ọgbà náà kọjá, àwọn èèyàn á máa fọwọ́ kan èjìká wọn, bíi ti ẹni tó fẹ́ gba ìbùkún. Ní Knoxville tí wọ́n ti ju òpó sódò, àwọn kan kì í gba orí títì wá. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wà wá, wọ́n á so ó mọ́ etí odò lẹ́bàá pápá. Láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá wá wọ inú pápá ńkọ́? Pápá Michigan gba èèyàn 107,601. Ẹ tún un kà. Kì í ṣe pápá orílẹ̀-èdè o, pápá ilé ìwé kan ṣoṣo ni, ó sì ju gbogbo pápá bọ́ọ̀lù àwọn tó ń gbowó oṣù níbẹ̀ lọ. Ní Nebraska, láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pápá wọn tán porogodo, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbá nílé, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí pápá náà bá kún, iye èèyàn inú rẹ̀ ju ti gbogbo ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ náà lọ, àfi ìlú méjì péré.

Ariwo ibẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Bí àlejò bá gbé bọ́ọ̀lù, onílé á pariwo kí wọ́n má baà gbọ́ ara wọn. Bí tiwọn bá gbé e, wẹ́lo, bí ìgbà tí wọ́n ń gbàdúrà. Ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, ọdún 1988, ní Baton Rouge, ìpínlẹ̀ Louisiana, LSU fi 7 sí 6 na Auburn nígbà tí bọ́ọ̀lù fẹ́ẹ̀ tán. Bí àwọn èèyàn ṣe fò sókè, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ilẹ̀ tó mì nínú yunifásítì náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ mì o! Ní Wisconsin, láti ọdún 1998, bí sáà kẹta bá ti parí, wọ́n á fi orin kan sí i, gbogbo pápá á máa fò sókè fò sílẹ̀.

Ní Texas A&M, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í jókòó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni wọ́n ń dúró. Ìtàn ló fà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1922, nílùú Dallas, àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ń fara pa lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó lè rọ́pò wọn ń tán. Kóòṣì wọn ránṣẹ́ pe ọmọ ilé ìwé kan, E. King Gill, tó wà lókè níbi tí àwọn akọ̀ròyìn jókòó sí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ aṣọ bọ́ọ̀lù, ó dúró létí pápá títí ó fi parí. Wọn ò pè é wọlé, ṣùgbọ́n ó múra tán. Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ fi ń dúró títí dòní, wọ́n ní àwọn ni ẹni kejìlá, bí wọ́n bá pe àwọn, àwọn á wọlé. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń rántí ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé àwọn ilé ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà tí àwọn yunifásítì òyìnbó ò fẹ́ gba ọmọ dúdú wọlé. Grambling àti Southern máa ń pàdé nílùú New Orleans lọ́dọọdún, Bayou Classic ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 1974. Níbẹ̀, bí ìdajì àkókò bá tó, kò sẹ́ni tó ń dìde lọ tọ̀. Ìgbà yẹn gan-an lọ̀pọ̀ wọn torí ẹ̀ wá. Báǹdì ilé ìwé méjèèjì á wọlé, fèrè àti ìlù, wọ́n á máa tẹ̀ síwájú, wọ́n á máa jó, wọ́n á máa fi ìlù bú ara wọn. Ẹni tó bá mọ bí onílù ṣe ń fi ìlù sọ̀rọ̀ sí ọ̀tá ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀ wa, kò sẹ́ni tó máa túmọ̀ ẹ̀ fún un.

Ó yá, kí ló dé? Kí ló mú àgbà ọkùnrin tó ní iṣẹ́, tó ní ìyàwó àti ọmọ, tó fi ń kun ojú bí eégún? Èrò tèmi ni pé bọ́ọ̀lù kọ́ ni wọ́n ń wá. Amẹ́ríkà tóbi, ọmọ á bí sí ibì kan, á kàwé sí ibòmíràn, á ṣiṣẹ́ sí ibi kẹta, á sì kú sí ibi kẹrin. Kò ní ilé baba tí á padà sí lọ́jọ́ ọdún. Yunifásítì tó kàwé yẹn ló wá di ìlú rẹ̀. Orin ilé ìwé di oríkì, ẹran tó wà lára àsíá wọn di ohun tí wọ́n ń bọ, Sátidé di ọdún ìbílẹ̀. Bàbá tó kàwé níbẹ̀ á mú ọmọ lọ, ọmọ náà á mú ọmọ tiẹ̀ lọ. Ìjókòó kan náà ni ìdílé kan lè máa ra fún ogójì ọdún. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Àwọn wọ̀nyẹn ò fẹ́ gbẹ ni.

Àwọn ọmọ tiwa náà ti wọ inú ẹ̀. Ní ọdún 2022, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Olusegun Oluwatimi ló wà ní àárín ìlà iwájú Michigan, ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù lé ọ̀gá wọn lọ́wọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Outland àti Rimington lọ́dún náà, ìyẹn ni pé wọ́n kà á sí ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ agbára yẹn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Olu Fashanu náà gbá fún Penn State, àwọn New York Jets sì mú un ní ipò kọkànlá nígbà tí wọ́n ń ṣa àwọn ọmọ tuntun ní ọdún 2024. Ẹ fojú inú wò ó, Oluwatimi gàdàgbà lẹ́yìn aṣọ, níwájú èèyàn tó lé ní 100,000. Ẹ sì rántí pé ọdún 1967 ni ọmọ dúdú kan, Nate Northington ti Kentucky, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù yìí nínú líìgì tí Tennessee àti Alabama wà.

Ẹwà àwọn èrò yìí ló pọ̀ jù. Ní ìpínlẹ̀ Iowa, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ga sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wọn. Àwọn ọmọ tó ní àìsàn tó le, tó fi mọ́ jẹjẹrẹ, ń wo bọ́ọ̀lù láti ojú fèrèsé. Láti ọdún 2017, bí sáà àkọ́kọ́ bá ti parí, gbogbo pápá á dìde, èèyàn bí 70,000, àti onílé, àti àlejò, àti àwọn agbábọ́ọ̀lù, àti rẹfirí. Wọ́n á kọjú sí ilé ìwòsàn, wọ́n á máa juwọ́ sí àwọn ọmọ náà. Àwọn ọmọ á máa juwọ́ padà láti òkè. Kò sí ẹni tó ń bú ẹnikẹ́ni lásìkò yẹn. Ọkàn mi máa ń rọ̀ bí mo bá rántí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú kan náà tó ń sunkún ló ń fojú burúkú wo ẹlòmíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, Auburn fi 28 sí 27 na Alabama. Auburn ní igi óákù ńlá méjì ní ìkóríta kan, tí wọ́n máa ń ju tísù ìnùdí sí lára bí wọ́n bá ti borí, títí igi á fi funfun. Lóṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, alátìlẹ́yìn Alabama kan pe ilé iṣẹ́ rédíò, ó ń fọ́nnu pé òun ti da májèlé sídìí igi náà. Òótọ́ ni! Wọ́n gbìyànjú títí, igi kú, wọ́n gé e lọ́dún 2013. Ọkùnrin náà ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ gbọ́ ná, kí ni igi mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù?

Èyí tó burú jù tún wà. Ní Texas A&M yìí kan náà, kí wọ́n tó pàdé Yunifásítì Texas lọ́dọọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń to ìtì igi jọ bí ilé alájà, wọ́n á dáná sun ún. Ní òru ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1999, òkìtì igi náà wó lé àwọn tó ń tò ó lórí. Èèyàn méjìlá kú, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fara pa. Ilé ìwé náà dá a dúró nínú ọgbà wọn. Àwọn òbí tó rán ọmọ lọ kàwé, òkú ọmọ ni wọ́n lọ gbé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 pẹ̀lú, lẹ́yìn tí Michigan fi 13 sí 10 na Ohio State, wọ́n fẹ́ ri àsíá mọ́ àárín pápá onílé, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá fín ata sí wọn lójú, wọ́n sì bu ìtanràn 100,000 dọ́là lé yunifásítì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyí. Ta là ń pariwo lé lórí? Ọmọ ọdún méjìdínlógún sí méjìlélógún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Fún ọdún gbọọrọ, kóòṣì ń gba mílíọ̀nù dọ́là, tẹlifíṣọ̀n ń pawó, ilé ìwé ń ta aṣọ, ọmọ tó ń fi orí gbá orí ò gbọdọ̀ gbà ju owó ilé ìwé, ilé àti oúnjẹ lọ. Reggie Bush yọ̀ǹda ife ẹ̀yẹ Heisman rẹ̀ ní ọdún 2010 nítorí owó tí àwọn kan fún un nígbà tó wà nílé ìwé. Ọdún 2024 ni wọ́n tó dá a padà fún un. Láti oṣù keje ọdún 2021 ni wọ́n ti jẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa fi orúkọ ara wọn pawó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, adájọ́ fọwọ́ sí i pé kí ilé ìwé fúnra rẹ̀ máa sanwó fún wọn, kó má ju nǹkan bí mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọdún àkọ́kọ́. Mo ní ó dáa. Òṣìṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ tọ́ sí i.

Àmọ́ owó kan náà ti kó ìwà burúkú mìíràn wọlé. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà yọ òfin tó dí tẹ́tẹ́ eré ìdárayá lọ́wọ́, ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ní báyìí, èèyàn lè jókòó sí pápá kó máa fi fóònù ta tẹ́tẹ́ lórí ọmọ kan ṣoṣo: yáàdì mélòó ni yóò sá? Ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò mú bọ́ọ̀lù? Bí ọmọ náà bá já a kulẹ̀, èébú àti ìhàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù rẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2024, Charlie Baker, ọ̀gá àjọ NCAA, kígbe pé kí àwọn ìpínlẹ̀ fòfin de irú tẹ́tẹ́ yìí lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Alátìlẹ́yìn tó ti di onígbèsè, kì í tún rí ọmọ ẹlòmíràn bí ọmọ mọ́. Gbèsè rẹ̀ ló ń rí. Ẹ̀yin tèmi nílé náà tí ẹ ń ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù òyìnbó láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ gbọ́ o. Ẹni tí ẹ ń ṣépè fún pé kò gbá a wọlé yẹn, ó ní ìyá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ ọmọ, tí ó bá sọ pé ẹ jẹ́ ká lọ wo bọ́ọ̀lù, ẹ bá a lọ. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè àwọ̀ aṣọ tí wọ́n ń wọ, kí ẹ má baà wọ ti ọ̀tá lọ jókòó sáàárín wọn. Ẹ má gbé báàgì aláwọ ńlá yín o. Ní ọ̀pọ̀ pápá, báàgì oníke tí wọ́n lè rí inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Ẹ mú nǹkan rírọ̀ tí ẹ ó fi jókòó, nítorí pákó tàbí irin gbalaja ni ìjókòó tó pọ̀ jù níbẹ̀. Òjò kì í dá wọn dúró, ṣùgbọ́n bí mànàmáná bá kọ nítòsí, wọ́n á dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú mọ́ alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí tẹlifíṣọ̀n ló ń yan agogo tí bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó kù tí wọ́n á fi kéde rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹni tó mutí nídìí mọ́tò láti àárọ̀, kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ yín lọ sílé lálẹ́. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pẹ̀lú, nítorí ọtí ibi ìgbọ́kọ̀sí yẹn ti ba ayé ọmọ olóògùn jẹ́.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Ẹni tí kò ní ibi kan tó lè pariwo sí, inú ló ń kó o sí, inú sì ni yóò pa á. Òpó tí wọ́n jù sódò, wọ́n ti ra òmíràn. Àwọn ọmọ méjìlá tí igi wó lù, wọn ò rí wọn rà. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, kó lọ wọ aṣọ ẹbí rẹ̀, kó lọ jẹ ẹran sísun, kó sì juwọ́ sí àwọn ọmọdé tó wà lójú fèrèsé.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.